Ìrìn Orí Okùn
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé wa)



Ọkùnrin ará Faransé kan wà láyé àtijọ́, Blondin ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1859, ó rìn lórí okùn kọjá odò Niagara, láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ọ̀pá gígùn ló mú dání. Ọ̀pá tó gùn, tó sì wúwo, kì í jẹ́ kí ara tètè fì. Ó ń fúnni láàyè láti tún ẹsẹ̀ gbé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ó pọn Harry Colcord, máníjà rẹ̀, sẹ́yìn. Ẹ gbọ́ o: nígbà tó rẹ Blondin lójú ọ̀nà, Colcord sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró lórí okùn, kí ẹni tó pọ̀n ọ́n lè mí.

Àwa náà ń rìn lórí okùn nílùú òyìnbó níbí. Iṣẹ́ alẹ́ lápá kan, ọmọ lápá kejì, àwọn ará ilé lẹ́yìn. Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ fún wọn nílé. Ẹ má yáwó èlé nítorí àtifowó ránṣẹ́. Kì í ṣe ìtìjú. Bí lẹ́tà gbèsè owó ilé bá dé, ẹ má fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ tètè mú un wá ká jọ wò ó.

Ìmọ̀ràn ni ọ̀pá tiwa. Kí a tó gun okùn la ti ń mú un dání, kì í ṣe ìgbà tá a bá ń ṣubú.