Robert Burns, Akéwì tí Kò Tijú Èdè Ìyá Rẹ̀

Àgbẹ̀ kan tí ó di akéwì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí. Robert Burns ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tlándì ni.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní, ọdún 1759, ni a bí i ní abúlé Alloway. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń ro, tí ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ lé e lórí. Ilẹ̀ náà ti ṣá, owó rẹ̀ sì wọ́n. Nígbẹ̀yìn, ẹjọ́ dé láàárín bàbá yìí àti onílẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ó fi kú, ní 1784. Ẹ̀yin tí ẹ ti san ìṣákọ́lẹ̀ rí, ẹ mọ ohun tí a ń wí. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọ náà kéré, bàbá yìí àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti dáwó jọ, wọ́n sì gba olùkọ́ fún àwọn ọmọ wọn.

Ní 1707 ni a ti pa ìgbìmọ̀ aṣòfin Skọ́tlándì pọ̀ mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ti ń sá fún èdè ilé wọn. Burns gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáradára, ṣùgbọ́n èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń kọrin létí rẹ̀ ni ó fi ké ewì rẹ̀ tí ó dùn jùlọ. Ó tilẹ̀ kọ ewì kan sí ẹ̀lírí tí ohun ìtúlẹ̀ rẹ̀ tú ilé rẹ̀ ká. Ní 1786 ni ìwé rẹ̀ kìíní jáde ní Kilmarnock, ẹ̀dà 612, ṣílè 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi tà tán.

Àwa kò ní bo àbùkù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, ìṣẹ́ lé e débi pé ó gba iṣẹ́ akọ̀wé ní Jamaica, nínú oko tí a ti ń fi ẹrú ọmọ Áfíríkà ṣiṣẹ́. Àṣeyọrí ìwé rẹ̀ ni ó dá a dúró. Ẹni tí ó mọ ìrora ẹ̀lírí ìbá mọ ìrora ènìyàn.

Lẹ́yìn náà ó di agbowó-òde ìjọba, ó sì ń ṣa orin àwọn ará oko jọ sínú ìwé láìgba owó iṣẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù keje, 1796, ní ẹni ọdún 37. Ní 1801 ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ jẹun ìrántí rẹ̀ ní ilé tí a bí i sí. Títí di òní, wọ́n ń ṣe é káàkiri ayé ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Orin rẹ̀, «Auld Lang Syne», ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì fi ń sin ọdún lọ.

Ẹ̀yin ará wa, odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Orin ń bẹ lẹ́nu àwọn àgbà abúlé wa. Kí olúkúlùkù wa tí ó mọ̀wé mú gègé, kí ó kọ wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n má baà bá àwọn àgbà wọ káà ilẹ̀ lọ.