Iṣẹ́ Òru Kì Í Mọ́ Ènìyàn Lára

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ láti ẹ̀ka ìdì-ẹrù sọ ní ìpàdé gbogbogbò

 Ẹ̀yin tí ẹ ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ́ síbí, tí ẹ kò tíì fojú kan oorun, ẹ kú àìsùn o.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ni ó ní kí n wá sọ ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí nínú ìwádìí wọn nípa iṣẹ́ òru. Gbogbo wa ni a mọ ìdí rẹ̀. Ìwé àwọn ọ̀gá ti wà lọ́wọ́ wa láti oṣù tó kọjá. Wọ́n fẹ́ pa ṣíìfìtì mẹ́ta oníwákàtí mẹ́jọ rẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ di méjì oníwákàtí méjìlá, kí ẹni tí òru bá kàn sì ṣe é fún òru mẹ́rin tẹ̀léra kí ó tó sinmi. Wọ́n wá bu owó díẹ̀ lé àjẹmọ́nú òru. Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ ní ilé oúnjẹ, pé, “Owó ti dé, kí ni ìjà tún ń wá? Ara wa ṣáà ti mọ́ ọn.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, pé ara ti mọ́ ọn, òun ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò. Èmi kì í ṣe dókítà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì fi ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ lé e. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọ sílẹ̀ kì í ṣe awo, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á, á yé e.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú oko. Ẹni tí ó bá gbé abúlé rí nínú wa mọ ewé patanmọ́. Bí ọmọdé bá fọwọ́ kàn án, á pa dé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á pa dé pẹ̀lú, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, á tún ṣí. Ní ọdún 1729, ará Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jean-Jacques d’Ortous de Mairan gbé irú ewé bẹ́ẹ̀ sínú òkùnkùn biribiri, níbi tí oòrùn kò lè dé. Síbẹ̀ ewé náà ń ṣí ní àkókò tí ojúmọ́ ń mọ́ lóde, ó sì ń pa dé nígbà tí alẹ́ ń lẹ́. Kò rí oòrùn, ṣùgbọ́n ó mọ àkókò. Aago kan ń bẹ nínú rẹ̀.

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ irú aago tí í ṣe. Kantíkantí ni ó tú àṣírí rẹ̀, àní kòkòrò kékeré yìí tí í máa fò yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù àti akèrègbè ẹmu ká. Ní 1971, Ronald Konopka àti Seymour Benzer ní California rí àwọn kantíkantí kan tí ọjọ́ tiwọn kò pé wákàtí 24. Òmíràn, ọjọ́ tirẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òmíràn kò tilẹ̀ mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́. Àbùdá kan ṣoṣo tí ó bàjẹ́ nínú ara wọn ni ó fà á. Ní 1984, Jeffrey Hall àti Michael Rosbash ní Yunifásítì Brandeis, pẹ̀lú Michael Young ní Yunifásítì Rockefeller ní New York, rí àbùdá náà mú jáde. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́: ó ń pèsè èròjà kan tí í máa kún díẹ̀díẹ̀ nínú ara ní òru, tí í sì máa yọ́ dànù ní ọ̀sán, bí omi tí ń kún àmù tí ó sì ń jò. Ìyẹn ni wọ́n fi fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, kí ni ó kan kantíkantí nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ń gbé páálí? Ó kàn án, nítorí irú aago kan náà ni ó wà nínú èmi àti ìwọ. Òun ni ó ń sọ fún ara ìgbà tí yóò gbóná àti ìgbà tí yóò tutù, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ yóò ru sókè, ìgbà tí ikùn yóò lọ oúnjẹ, ìgbà tí oorun yóò kun ojú. Aago yìí kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ fọ́ománù. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni olórí ohun tí ó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹni tí ó ṣíwọ́ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bọ́ọ̀sì, tí oòrùn ń ràn sí i lójú láti ibi iṣẹ́ dé ilé, oòrùn náà ti sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó wá dé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún, ọmọ ń ké, òrùlé páànù ń gbóná, kò sí iná tí fáànù yóò fi ṣiṣẹ́. Wákàtí mélòó ni yóò sùn? Bí ìsinmi rẹ̀ bá sì kò, á padà sí ìgbésí ayé ọ̀sán pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Simon Folkard, onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn ìwádìí tí ó wà nílẹ̀ jọ ní 2008 lórí àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ òru nìkan, láìṣe ọ̀sán rárá. Àwọn tí aago ara wọn yí padà pátápátá kò pé mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ara òun ti mọ́ ọn, kí ni ó ń wí? Ìdáhùn wà nínú ìwádìí tí Hans Van Dongen àti David Dinges àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní Pennsylvania ní 2003. Ènìyàn 48 ni wọ́n lò. Fún ọjọ́ 14, wọ́n jẹ́ kí àwọn kan wà lórí ibùsùn fún wákàtí mẹ́jọ lálẹ́, àwọn kan wákàtí mẹ́fà, àwọn kan mẹ́rin. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dán ojú àti ọwọ́ wọn wò, bóyá wọ́n yá tàbí wọ́n falẹ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn oníwákàtí mẹ́fà àti mẹ́rin ń lọ sílẹ̀, títí tí wọ́n fi dà bí ẹni tí kò sùn rárá fún odindi òru kan tàbí méjì. Ohun tí ó dẹ́rù bà mí jùlọ nìyí: nígbà tí wọ́n bi wọ́n bí oorun ṣe ń kùn wọ́n tó, ìdáhùn wọn kò yí padà púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n rò pé àwọn ti bá a mu. Ara ń bàjẹ́ lọ, ẹnu ń sọ pé kò sí nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù láàárín èrò, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní Australia ní 1997, Drew Dawson àti Kathryn Reid fi àìsùn wé ọtí. Ẹni tí ó jí ní aago méje òwúrọ̀ tí kò sì sùn títí di ọ̀gànjọ́ òru, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ti rí bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń mú awakọ̀. Bí ó bá pé wákàtí 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí mo bá mu ìgò méjì kí n tó wọlé síbí, ìwé ìlélọ́nà iṣẹ́ ni wọn yóò fún mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí àìsùn ń pa bí ọtí, wọ́n ní kí ó gba ófátáìmù.

Wàyí o, ẹ mú ìwé àwọn ọ̀gá dání lọ́wọ́ kan, kí ẹ gbọ́ èyí. Folkard kan náà pẹ̀lú Philip Tucker, ní 2003, kó ìṣirò ìjàǹbá ilé iṣẹ́ jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ewu ìjàǹbá ní òru fi nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti òwúrọ̀ lọ. Bí a bá ṣe òru tẹ̀léra, òru kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, ẹ̀kẹta ń gòkè, nígbà tí ó bá sì di òru kẹrin, ewu náà ti fi nǹkan bí 36 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti òru àkọ́kọ́ lọ. Ní ti gígùn iṣẹ́, ṣíìfìtì oníwákàtí méjìlá fi ohun tí ó ju ìdá mẹ́rin kan lọ léwu ju ti wákàtí mẹ́jọ. Òru ni, òru mẹ́rin tẹ̀léra ni, wákàtí méjìlá ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kó sínú àpò kan náà gbé fún wa, tí wọ́n fi àjẹmọ́nú dé e lórí. Mo fẹ́ kí ẹnì kan dìde ní ìpàdé pẹ̀lú wọn kí ó béèrè iye tí wọ́n ka ìka ọwọ́ ènìyàn sí.

Ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ lẹ́nu àwọn kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ju bí ó ti wà lọ. Ilé ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ó wà ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, sọ ní 2007 pé ó ṣeé ṣe púpọ̀ kí iṣẹ́ òru máa fa jẹjẹrẹ. Ní 2019, onímọ̀ 27 láti orílẹ̀-èdè 16 tún un yẹ̀ wò, ibi kan náà ni wọ́n fi í sí. Jẹjẹrẹ ọmú, ti próstéètì tí ń ṣe àwa ọkùnrin, àti ti ìfun ńlá ni wọ́n dárúkọ. Ohun tí wọ́n wí ni pé ó ṣeé ṣe púpọ̀. Wọn kò wí pé ó dájú, wọn kò sì wí pé gbogbo ẹni tí ń ṣe òru ni yóò ní in. Ṣùgbọ́n ní Denmark, lẹ́yìn ti 2007, wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún àwọn obìnrin tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40, tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú lẹ́yìn iṣẹ́ òru ọdún gígùn. Wọ́n kà á sí àrùn tí a kó níbi iṣẹ́.

Ti wákàtí iṣẹ́ kò nílò àlàyé púpọ̀. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé jọ ṣe ìṣirò pé ní ọdún 2016 nìkan, ènìyàn 745,000 ni àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn pa nítorí iṣẹ́ tí ó tó wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀. Òru mẹ́rin oníwákàtí méjìlá jẹ́ 48. Fi ófátáìmù ọjọ́ kan lé e, ó di 60.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe iṣẹ́ òru mọ́. Aláìsàn kò ní dúró de ojúmọ́, búrẹ́dì kò ní dé ọjà bí ẹnì kan kò bá yan án lóru, ẹ̀rọ tiwa náà sì wà tí a kò lè pa kí ó tutù lójoojúmọ́. Bí a ó ṣe ṣe é ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Àwọn kan sì ti ṣe é dáradára. Ní ilé iṣẹ́ kan tí ń mú iyọ̀ àti kẹ́míkà jáde ní adágún iyọ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ṣíìfìtì wọn ń yí sẹ́yìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: láti òru sí ọ̀sán, láti ọ̀sán sí òwúrọ̀. Charles Czeisler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí i síwájú: òwúrọ̀, ọ̀sán, òru. Ìdí rẹ̀ ni pé aago ara ènìyàn fi díẹ̀ gùn ju wákàtí 24 lọ, nítorí náà ó rọrùn fún un láti pẹ́ ju láti yá lọ. Wọ́n kọ àbájáde rẹ̀ ní 1982: inú àwọn òṣìṣẹ́ dùn sí i, àwọn tí ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ dín kù, ọjà tí wọ́n ń ṣe jáde sì pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀gá gbọ́ ti ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ọjọ́ 21 ni wọ́n ń lò níbẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀. Lórí iye ọjọ́, ohùn àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan. Èmi fara mọ́ òru méjì tàbí mẹ́ta, nítorí ìṣirò Folkard. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n dán oorun díẹ̀ wò láàárín àwọn awakọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń sọdá òkun ńlá Pàsífíìkì: NASA fún wọn ní ìṣẹ́jú 40 láti fi sinmi lórí àga wọn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 26 ni wọ́n sùn, ojú wọn sì là ju ti àwọn tí a kò fún ní ìsinmi.

Agbára wo ni a ní? Òfin Iṣẹ́ tí ó ti wà láti 1974 sọ pé wákàtí iṣẹ́ jẹ́ èyí tí a bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ bá dúnàádúrà lé lórí. Ó sọ pé ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, kí ó sì ní odindi ọjọ́ ìsinmi kan nínú méje. Àdéhùn 171 tí Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé ṣe ní 1990 sọ pé òṣìṣẹ́ òru lè béèrè kí a yẹ ara òun wò lọ́fẹ̀ẹ́. A lè gbé e síwájú wọn lórí tábìlì.

Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé lọ ni pé kí wákàtí mẹ́jọ dúró, kí òru má ju mẹ́ta tẹ̀léra lọ, kí ṣíìfìtì máa yí síwájú, kí a fún ẹni òru ní yàrá àti ìdajì wákàtí láti fi sùn, kí bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ máa gbé wọn délé ní òwúrọ̀, kí dókítà sì máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́dọọdún. Àjẹmọ́nú náà, a ó gbà á, kí wọ́n má rò pé a ó dá a padà fún wọn.

Kí a má baà fi ẹnu lásán lọ, akọ̀wé ti tẹ ìwé kékeré kan. Kí ẹni tí ó bá wà lórí òru mú ọ̀kan, kí ó kọ aago tí ó sùn àti aago tí ó jí sínú rẹ̀ fún ọjọ́ 14. Ẹ má kọ orúkọ yín, ẹ̀ka tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ti tó. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́ kí ó bá mi ní ẹ̀ka ìdì-ẹrù, a ó jọ kọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ṣíìfìtì ọ̀sán, ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí pín in lẹ́nu géètì.