Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Ní Ẹnu Ọ̀nà Eré

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù, nípa àwọn orúkọ tí ń ṣáájú eré sinimá

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú ẹlòmíràn, nítorí ọ̀rọ̀ sinimá ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó ń fẹ́ kí iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ baba rẹ̀ gòkè kò gbọdọ̀ di ojú sí iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ àjèjì. Ó yẹ kí ó wò ó, kí ó mọ èyí tí ó tó kọ́, kí ó sì mọ èyí tí òun tìkára rẹ̀ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ tí kò kà sí.

Bí a bá tan sinimá sí ojú aṣọ, orúkọ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ rí: orúkọ eré, orúkọ àwọn òṣèré, orúkọ ẹni tí ó ṣe orin àti ti ẹni tí ó darí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi àkókò náà wá ìjókòó, tàbí kí wọ́n fi ra ẹ̀pà. Àwọn tí ń wo eré nínú ilé lónìí tilẹ̀ ń tẹ bọ́tìnì láti fò ó kọjá. Àwa wí pé àdánù ni. Irú eré kan wà tí a ó pè ní eré amọ́kànsókè: eré ìpànìyàn, eré amí, eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, tí ń mú ọkàn òǹwòran sókè títí ìdí ọ̀ràn yóò fi hàn. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ibi orúkọ ni eré ti ń bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ìṣíde eré ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó ń sọ irú ìbẹ̀rù tí a ó bá pàdé. Kò sọ ohun tí a ó bẹ̀rù.

Ìwà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Bí apàlọ́ bá ké pé “Àlọ́ o!”, tí àwọn ọmọ sì dáhùn pé “Àlọ̀!”, kò tí ì sọ nǹkan kan nípa ìjàpá, síbẹ̀ gbogbo ọmọ ti mọ irú ìjókòó tí ó yẹ kí àwọn jókòó. Àwọn eléré alárìnjò kì í bẹ̀rẹ̀ láìjúbà. Hubert Ogunde, tí ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní ọdún 1944, a máa fi orin àti ijó ìṣíde ṣáájú eré. Àwọn baba wa sì ní àrokò: ẹni tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀ kò kọ ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà á mọ̀ pé ọkàn onítọ̀hún fà sí òun. Ẹ mú àrokò yìí lọ́wọ́ bí a ti ń lọ, nítorí àrokò ni àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ń pa sí ojú aṣọ sinimá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1944 kan náà, nígbà tí Billy Wilder gbé eré Double Indemnity jáde ní Hollywood. Bí orúkọ ti ń kọjá, a rí òjìji ọkùnrin kan tí ó fi ọ̀pá méjì ti abẹ́ apá, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ó ń bọ̀ wá bá wa díẹ̀díẹ̀, kò ní ojú, kò ní orúkọ, títí dúdú rẹ̀ fi bo gbogbo aṣọ. Orin Miklós Rózsa sì ń dún pẹ̀lú rẹ̀, ó wúwo bí orin ìsìnkú. Ta ni ọkùnrin yìí? Nígbà tí eré bá lọ jìnnà ni a óò mọ̀ pé ọkọ kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, pé aya rẹ̀ àti aṣojú ilé iṣẹ́ adójútòfò kan dìtẹ̀ pa á nítorí owó, àti pé apànìyàn náà fúnra rẹ̀ ni ó fi ọ̀pá ti abẹ́ apá wọ ọkọ̀ ojú irin, kí ayé lè rò pé ẹni tí ó kú ṣì wà láàyè. Òjìji náà lè jẹ́ ẹni tí a pa. Ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó pa á. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹni tí ó wá sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ ọnà tí gbogbo ayé ń dárúkọ ni Saul Bass, ayàwòrán ìpolówó ọjà, tí a bí ní New York ní 1920, tí ó sì kú ní 1996. Ní 1955, Otto Preminger fi ìṣíde eré The Man with the Golden Arm lé e lọ́wọ́. Ìtàn ọkùnrin kan tí oògùn olóró dè mọ́lẹ̀ ni. Bass kò ya abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ya ojú òṣèré. Ọ̀pá funfun lórí dúdú ni ó fi ṣe é. Wọ́n ń yọ láti ìhín àti láti ọ̀hún, títí ó fi kan èyí tí ó di apá ènìyàn, apá wíwọ́, bí ìgbà tí egungun rẹ̀ ti ṣẹ́. Ní ìgbà náà, àwọn ilé sinimá a máa tan orúkọ sí orí aṣọ ìkélé tí wọn kò tí ì ṣí, nítorí wọn kò kà á mọ́ eré. Nítorí náà ni a ṣe fi ìwé ránṣẹ́ pẹ̀lú eré yìí sí àwọn tí ń tan sinimá, pé kí wọ́n ká aṣọ ìkélé kúrò kí orúkọ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n láti inú rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ìṣíde ti di ara eré.

Lẹ́yìn èyí ni Bass bá Alfred Hitchcock ṣiṣẹ́ ní ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀lé ara wọn, Bernard Herrmann ni ó sì ṣe orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wò ó bí ìbẹ̀rù mẹ́ta wọ̀nyí kò ti jọ ara wọn. Orúkọ eré ti 1958, Vertigo, òòyì ni ìtumọ̀ rẹ̀. A rí ètè obìnrin kan, a rí ojú rẹ̀ tí ń wo ọ̀tún wo òsì. Aṣọ sinimá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, orúkọ eré sì jáde láti inú ẹyinjú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìlà bẹ̀rẹ̀ sí yí bí ikarahun ìgbín, orin pẹ̀lú sì ń gòkè ó ń sọ̀ láìdúró. Kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn tó dé ibi gíga tí ó ń bà á lẹ́rù, òòyì ti kọ́ àwa tí a jókòó. North by Northwest, ti 1959, yàtọ̀. Àwọn ìlà kọjá ara wọn lórí àwọ̀ ewé, wọ́n di fèrèsé ilé àwòṣífìlà, ọkọ̀ ìgboro New York sì ń hàn nínú dígí rẹ̀. Orin ń sáré bí ijó. Ní ìparí rẹ̀, Hitchcock fúnra rẹ̀ sáré dé ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. A rẹ́rìn-ín, a sì mọ̀ pé sísá kiri ni ìbẹ̀rù tòní, kì í ṣe ọ̀fọ̀.

Ẹ̀kẹta ni Psycho, ti 1960. Dúdú, funfun àti àwọ̀ eérú nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀pá ń já wọlé láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè, láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ń gé orúkọ sí wẹ́wẹ́, orúkọ ń pàdé ara rẹ̀, ó sì tún ń fọ́. Herrmann kò lo fèrè, kò lo ìlù. Kìkì ohun èlò olókùn, ìbátan gòjé wa, ni ó fi ṣe gbogbo orin náà. A kò rí ọ̀bẹ, a kò rí ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n a ti mọ̀ pé ohun kan tí ó yẹ kí ó jẹ́ odindi ti pín sí méjì. Ìgbà tí eré parí ni ó yé wa pé inú orí ènìyàn kan ni pípín náà wà.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan tún wà nínú ìṣíde yìí tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí, èyíinì ni ètò orúkọ. Lẹ́yìn gbogbo òṣèré yòókù ni a kọ orúkọ Janet Leigh, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe nínú eré, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ìjókòó ọ̀tọ̀ fún àlejò pàtàkì. Òǹwòran rò pé ẹni tí a bu ọlá fún tó bẹ́ẹ̀ yóò bá òun dé òpin. Kí eré tó dé ìdajì, a ti pa á ní balùwẹ̀. Hitchcock sì ti pàṣẹ pé kí ilé sinimá má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1995, David Fincher yí ọgbọ́n yìí padà nínú Se7en. Ìṣíde rẹ̀, tí Kyle Cooper ṣe, jẹ́ ọwọ́ tí ń kọ̀wé, tí ń rán ìwé, tí ń fi abẹ bó awọ orí ìka. Lẹ́tà orúkọ sì ń gbọ̀n bí ìkọ̀wé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ọwọ́ apànìyàn ni. A fi ilé rẹ̀, ìwé rẹ̀ àti ìdí tí a kò fi rí àmì ìka rẹ̀ hàn wá kí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a kò fi hàn: orúkọ Kevin Spacey, tí ó ṣe apànìyàn náà, kò sí níbẹ̀ rárá, àfi ní ìparí eré. Orúkọ tí a kọ lè tan ni. Orúkọ tí a kò kọ lè pa àṣírí mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń wí pé ìṣíde aláràbarà dára ní gbogbo ìgbà. Nínú Touch of Evil, ti 1958, ẹnìkan fi bọ́ǹbù sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kan, ẹ̀rọ àwòrán sì tẹ̀lé ọkọ̀ náà nínú ìgboro fún ohun tí ó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ láìgé. Ilé iṣẹ́ tí ó ni eré náà to orúkọ lé àwòrán yìí, wọ́n sì fi orin Henry Mancini bò ó. Olùdarí rẹ̀, Orson Welles, kọ ìwé ojú ewé 58 sí wọn nípa àtúnṣe tí ó ń fẹ́. Ó ti kú kí a tó tún eré náà tò ní 1998 gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ̀, tí a sì kó orúkọ kúrò ní iwájú. Orin Mancini dára. Ṣùgbọ́n ojú tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ bọ́ǹbù kò yẹ kí ó máa ka orúkọ.

Kí ni èyí kàn wá sí? Àwa tìkára wa jókòó wo eré Yorùbá kan tí a kò ní í dárúkọ. Ìtàn ìpànìyàn ni, àwọn òṣèré sì mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí orúkọ tó tán, a ti já àwòrán láti inú eré wá síwájú: a ti rí òkú, a ti rí ẹni tí ó ń wẹ ọwọ́ rẹ̀, a sì ti rí ọlọ́pàá tí ó de ẹni náà lọ́wọ́. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó tì wá yíjú, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni a tún ń dúró wò?” A kò rí èsì fún un.

Ó dùn wá, nítorí kì í ṣe owó ni ó wọ́n wọn. Ọ̀pá funfun lórí dúdú kò ju iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ayàwòrán kan lọ. Ó dùn wá pẹ̀lú nítorí pé àwa ni a ni àrokò, àwa ni a sì ni dùndún, ìlù tí ń fi ohùn nìkan sọ̀rọ̀ tí etí ń wá ọ̀rọ̀ kún un. Bí eré kan bá fi dùndún ṣíde, tí onílù sọ gbólóhùn kan tí ó lè túmọ̀ sí méjì, tí ìtumọ̀ kejì kò sì hàn títí a ó fi mọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ibi náà, àbí Hollywood ha ni ìjúbà èyí lè pọ̀ jù fún?

Nítorí náà, ohun méjì ni a bẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ń wo eré, ẹ jókòó kí orúkọ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fò ó; àwọn tí a kọ orúkọ wọn ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ń ṣe eré, ẹ má ṣe sọ odindi ọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Ṣùgbọ́n ekòló kì í sọ ibi tí òun ń lọ fún ẹnìkan.