Ẹ́síímà Kì í Ranni: Ọ̀rọ̀ Lórí Awọ Ara Àwọn Ọmọ Òrukàn Wa

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa bá àwọn olùdásàká àti àwọn alágbàtọ́ sọ ní Àgbàdo

   

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òrukàn tí à ń tọ́jú ló mú mi tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ara ti ń yún un láti kékeré. Ní ilé kéwú, wọ́n ya ẹní rẹ̀ sọ́tọ̀, wọn kì í sì jẹ́ kí ó fọwọ́ kan kẹ́tù àlùwàlá àwọn yòókù. Alágbàtọ́ rẹ̀ ti ń sọ pé òun fẹ́ dá a padà, kí ó má baà kó àrùn ran àwọn ọmọ òun. Mo ti yẹ ọmọ náà wò. Ẹ́síímà ni. Kò sí ẹni tó lè kó o lára ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn, ìbáà jẹ́ inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun.

Awọ ara dà bí ògiri. Tí sìmẹ́ǹtì àárín bíríkì kò bá dára, omi á máa jò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́síímà ṣe rí: omi inú awọ ń sá jáde, awọ ń gbẹ, ọṣẹ olóòórùn, eruku àti òógùn ń ráyè wọlé, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Bí ọmọ bá ti họ ọ́, ògiri tún fọ́ sí i nìyẹn. Ó wọ́pọ̀ nínú ìdílé tí ásímà bá wà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ òrukàn ti ṣòro, torí bí a bá bi í pé ṣé bàbá rẹ̀ ní ásímà, níbo ni yóò ti mọ̀? Mo bẹ akọ̀wé wa kí ó fi ìbéèrè yìí kún fọ́ọ̀mù tí a fi ń gba ọmọ sílẹ̀, kí a bi àwọn ẹbí olóògbé nígbà tí wọ́n ṣì wà níwájú wa.

Ẹ má pè é ní àìsàn òyìnbó. Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ṣe káàkiri àgbáyé, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1999. Láàrin àwọn ọmọ ọdún 13 sí 14, àwọn tó ní àmì rẹ̀ ní Albania kò tó 1 nínú 100. Ní Nàìjíríà, wọ́n lé ní 17.

Lára awọ dúdú, ẹ lè má rí pípọ́n rárá. Ojú ibẹ̀ á dúdú sí i tàbí kó rí bí eérú, á le, á yọ kóró-kóró bí ara adìẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ti máa ń yọ lára ọmọ ọwọ́. Tó bá dàgbà, inú ìgúnpá, ẹ̀yìn orúnkún àti ọrùn ni. Làpálàpá ní tirẹ̀ máa ń yí roboto. Bí gbogbo ilé bá ń họra lóru, tó sì wà láàrin ìka ọwọ́, scabies nìyẹn. Kòkòrò ló ń fà á, òun ló ń ranni, gbogbo ilé ló sì gbọ́dọ̀ lo oògùn pọ̀.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ọmọ, kí ó má ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ẹ má lo kànìnkànìn. Ẹ má fi Izal, Dettol tàbí kẹrosíìnì sí i. Mo mọ ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe. Ẹ fi aṣọ ìnura tẹ omi kúrò lára rẹ̀, kí awọ tó gbẹ tán ẹ ti fi Vaseline tí kò lóòórùn pa á. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, títí kan ọjọ́ tí ara kò yún un. Ẹ má bù ú bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ o! Ọmọ kan lè lo gíráàmù 250 lọ́sẹ̀ kan, ìdí sì nìyí tí alágbàtọ́ tí kò lówó fi máa ń dá a dúró lágbedeméjì.

Tó bá le, dókítà lè kọ ìpara hydrocortisone. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ẹ ṣáà lò ó bó ṣe sọ. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ìpara abóra tí wọ́n ń pò lọ́jà, tí wọ́n ń fi clobetasol sí. Ara á kọ́kọ́ dán, ẹni tó tà á á sì di dókítà ládùúgbò. Tó bá pẹ́, awọ ọmọ á fẹ́lẹ́, á là bí ikùn aboyún, ara yíyún náà á sì padà tagbáratagbára. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má gba ẹyin àti ẹja lẹ́nu ọmọ nítorí pé aládùúgbò ní kí ẹ gbà á. Oúnjẹ rẹ̀ kò kúkú tó tẹ́lẹ̀.

Bí egbò bá ń ṣomi, tó ń ṣọyún, tàbí tí ibà bá wà níbẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ọsibítù ìjọba wà ní Ìgándò. Àwọn dókítà awọ ara wà ní LASUTH n'Íkẹjà, ọkọ̀ ojú irin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2024 sì ń ti Àgbàdo níbí dé Ìkẹjà.

Ẹ̀yin ustaadh, Bukhari àti Muslim gbà á wá pé Ànábì (S.A.W.) yọ̀ǹda fún Zubayr àti Abdur-Rahman bin Awf láti wọ ṣẹ́dà nítorí ara tó ń yún wọn, bẹ́ẹ̀ aṣọ tó léèwọ̀ fún ọkùnrin ni. Ṣé ẹ ò wá lè jẹ́ kí ọmọ yìí wọ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dípò yunifọ́ọ̀mù tó nípọn? Ẹ jẹ́ kí ó ṣe àlùwàlá rẹ̀, kí ó tún ìpara rẹ̀ pa lẹ́yìn náà. Ẹ má fi lọ́fínńdà sí i lára lọ́jọ́ Jímọ̀.

Àwọn kan bi mí bóyá a lè ná sàká lórí Vaseline. Àwọn àlùfáà ló ni ìdáhùn. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé ọmọ òrukàn kò sí nínú ẹ̀yà mẹ́jọ tó wà nínú Suratu Tawba, àìní rẹ̀ ló ń mú un wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe sàráà ní tirẹ̀, kí ó gbé ike Vaseline ńlá wá fún akápò. Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mò ń lọ sí ilé kéwú ọmọ náà, n ó sì jókòó sórí ẹní rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kí ó forúkọ sílẹ̀.