Ta Ni Yóò Gbé Inú Ọ́fíìsì Òfìfo Àpápá?

Ibi tí Àpápá ti pààlà pẹ̀lú Ajégúnlẹ̀ ni àwọn ará Èkó ń pè ní Boundary, orúkọ náà sì bá a mu wẹ́kú. Ní apá kan, ọ́fíìsì alájà mẹ́ta mẹ́rin tò lọ rẹrẹ, àgádágodo sì wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn mìíràn nínú wọn. Ní apá kejì, yàrá kọjú sí yàrá, odindi ìdílé ń sùn sínú ẹyọ kan, ọmọ tó fẹ́ kàwé sì ń dúró títí ilé yóò fi pa rọ́rọ́.

Òwò èbúté ló kọ́ àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyẹn. Láti ìgbà tí èbúté Àpápá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1926, pàápàá lẹ́yìn tí ti Tin Can Island dé ní 1977, àwọn oníṣòwò ńláńlá ń wá ibùjókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 2010 sí 2020, tírélà àti tánkà dí ọ̀nà pa, òṣìṣẹ́ kò rọ́nà dé ibi iṣẹ́, ilé iṣẹ́ sì ń kó lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ ló padà.

Ní Ọ̀jọ́, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà láti 1983, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà yàrá lọ́wọ́ onílé. Àwọn mìíràn ń ti ilé òbí wọn ní Ajégúnlẹ̀ gba Mile 2 lọ, wọ́n sì ń gba ibẹ̀ bọ̀. Lóòótọ́, Àpápá kò sún mọ́ Ọ̀jọ́ ju Ajégúnlẹ̀ lọ. Àyè, iná àti ìdákẹ́jẹ́ ni yóò fi sàn, bí yunifásítì bá lè fi bọ́ọ̀sì tirẹ̀ máa kó wọn láàárọ̀.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì tó tó fún ogún akọ̀wé lọ́sàn-án kò lè tó fún ogójì ọmọ tó ń jí lẹ́ẹ̀kan náà. Páìpù tuntun gbọ́dọ̀ la àjà kọjá, kòtò ẹ̀gbin gbọ́dọ̀ gbòòrò sí i. Bí ilé bá fẹ̀ jù, àárín rẹ̀ á ṣókùnkùn, afẹ́fẹ́ kò sì ní dé ibẹ̀ láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Ta ni yóò máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀? Nítorí náà, ilé tóóró tó ní fèrèsé níwájú àti lẹ́yìn, irú èyí tí wọ́n kọ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù tó pọ̀, ló yẹ. Àwọn onígíláàsì gogoro, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún báńkì. Ilé àtijọ́ ti ní òpó, àjà àti àtẹ̀gùn. Sìmẹ́ǹtì àti irin inú rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò tún rà wọ́n. Òrùlé rẹ̀ lè gbé ẹ̀rọ iná oòrùn, kí ó sì da omi òjò sínú táǹkì. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, kí wọ́n yẹ kọnkéré wò, nítorí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ etí òkun a máa jẹ irin.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn le ju ti bíríkìlà lọ. Nígbà tí olú-ìlú kó lọ sí Àbújá ní 1991, Sẹkitéríàtì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkòyí pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n tà á ní 2006 ní bílíọ̀nù 7 náírà. Ẹni tó rà á fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìgbé olówó ńlá, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó takò ó, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí ẹnikẹ́ni kò rí ibẹ̀ gbé.

Onílé Àpápá tí ọ́fíìsì rẹ̀ ṣófo kò rí nǹkan kan gbà báyìí. Ó lè gbà kí yunifásítì háyà rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá ní owó kékeré, kí wọ́n sì bá a tún un ṣe, bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá ti fọwọ́ sí ìyípadà náà. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá kọ iye tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa san sínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ olówó ni yóò gba gbogbo bẹ́ẹ̀dì.