Oúnjẹ Àríyá Wa: Ta Ló Ń San Ìyókù Owó Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a fi ṣí ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa)

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí mọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ. Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín, torí èmi ni alága oúnjẹ nígbà tí a ṣe ọdún márùn-ún. Màlúù mẹ́rin la pa. Ìkọ́kọrẹ́ wà, ìrẹsì wà, mọ́ínmọ́ín wà, àlejò kankan kò sì fi ebi lọ sílé. Ẹ ṣì ń yìn mí fún un di òní. Ohun tí n kò tíì sọ fún yín ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àríyá náà.

Oúnjẹ tó ṣẹ́ kù kún agbada ńlá mẹ́ta. Ilẹ̀ ti ṣú, ó ti rẹ gbogbo wa, ìrẹsì sì ti ń kan. Mo ní kí àwọn ọmọ alásè dà á sí gọ́tà ẹ̀yìn gbọ̀ngán. Àwọn ike funfun tí a fi bu oúnjẹ fún àlejò àti ọ̀rá omi náà bá a lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò ńlá fi rọ̀. Gọ́tà dí, omi sì ya wọ yàrá ìyá àgbà kan tó ń din àkàrà lẹ́yìn gbọ̀ngán náà. Odindi àpò ẹ̀wà rẹ̀ kan bàjẹ́. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ wọ́n, ohun tí wọ́n sọ ni pé: "Ọmọ mi, ẹ ò pè mí síbi oúnjẹ yín, mi ò sì bínú. Kí ló wá dé tí ìyókù rẹ̀ fi wá bá mi nílé?"

N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé, owó tí a ń san fún oúnjẹ, ṣé òun ni gbogbo owó rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo màlúù. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ wọn wá nínú ọkọ̀ àjàgbé, lórí ìdúró, nínú oòrùn. Ẹlẹ́mìí ni. Bó ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń gùfẹ̀ afẹ́fẹ́ mẹ́téènì jáde, èyí tó wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Àjọ FAO sọ ní ọdún 2013 pé nínú gbogbo irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń tú jáde, ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ọ̀dọ̀ ẹran ọ̀sìn wá, ti màlúù ló sì pọ̀ jù. Bó bá tún dé odò ẹran, táyà ọkọ̀ ni àwọn kan fi ń sun awọ rẹ̀ kó tó di pọ̀nmọ́. Èéfín náà ń wọ inú ẹran, ó sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọ̀dọ́ tó ń sun ún. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

N kò ní ká má jẹ ẹran o. Pọ̀nmọ́ kì í wọ́n nínú àwo tèmi náà. Ohun tó dùn mí ni pé ẹran tó ná ayé ní nǹkan tó báyìí, gọ́tà la dà á sí. Àjọ UNEP sọ pé ní ọdún 2022 nìkan, oúnjẹ tí a fi ṣòfò káàkiri ayé lé ní bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù, nígbà tí ebi ń pa ènìyàn mílíọ̀nù 783.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣé ká wá ṣe ayẹyẹ ahun ni?" Mo gbà pé àbùkù ni kí oúnjẹ má kárí. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó kárí yàtọ̀ sí oúnjẹ tó ṣòfò. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Nígbà tí àwọn ìyá wa ń ṣe ìnáwó, ewé ni wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Ewé a jẹrà, a di ilẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba Èkó fòfin de ike funfun tí mo wí yìí. Kò yẹ kí àwa dúró de òfin.

Àbá mẹ́ta ni mo mú wá fún ọjọ́ Sátidé. Èkíní, kí a ka iye àlejò tó dáhùn ìwé ìpè kí a tó ra màlúù. Méjì tó wa, kí a fi owó tó bá ṣẹ́ kù tún gọ́tà náà ṣe. Èkejì, ọ̀dọ̀ alápatà tó ń fi gáàsì tàbí omi gbígbóná ṣe awọ ni ká ti ra ẹran, kí alásè sì lo ewé àti àwo tó ṣeé fọ̀. Ẹ̀kẹta, bó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí oúnjẹ tó kan, kí a bu ìyókù, kí a pín in fún àdúgbò.

Ìwé ìpè kan ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Orúkọ Ìyá Alákàrà ni mo kọ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, iwájú ni wọn yóò jókòó sí, kó má jẹ́ pé ìyókù wa nìkan ni yóò máa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹgbẹ́ wa kò ní fọ́, a kò ní jẹ ìjẹkújẹ. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.