Bí Hard Drive Kò Bá Tàn Lẹ́yìn Omíyalé

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé tí omi lé kúrò nílé sọ nínú gbọ̀ngàn ìjọ, ní Òṣòdì

Wọ́n ní kí n má pẹ́, nítorí pé wọ́n fẹ́ pín ìrẹsì àti ẹní lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, èmi náà kò sì fẹ́ dúró sáàárín ẹnikẹ́ni àti ìrẹsì rẹ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Láti ìgbà tí ẹ ti dé síbí, ẹni mẹ́ta ló ti na hard drive sí mi pé, “Bùrọ̀dá, ó ti kú. Ṣé kí n jù ú nù?” Hard drive tí mò ń wí ni àpótí kékeré tí a fi ń wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí a ń kó àwòrán àti ìwé pamọ́ sí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, méjì ni kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ṣájà wọn ló kú. Ìyá kan ló ni ọ̀kan nínú méjì yẹn, mi ò ní dárúkọ wọn. Àwòrán ìsìnkú ọkọ wọn wà níbẹ̀, ẹ̀dà rìsíìtì ilẹ̀ tí wọ́n jọ rà náà sì wà níbẹ̀. Rìsíìtì gan-an ti bá omi lọ. Ẹ wò ó bí wọ́n bá ti jù ú sórí ààtàn.

Nítorí náà, bí hard drive kò bá tàn, ṣájà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wá ṣájà aládùúgbò kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu lójú ẹsẹ̀, mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ìbéèrè kan ṣáájú: ṣé omi kan hard drive náà fúnra rẹ̀? Bí omi bá kàn án, ẹ má so ó mọ́ iná rárá, kì báà ṣe ìṣẹ́jú kan láti fi wò ó. Àwo kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Abẹ́rẹ́ kan wà lórí àwo náà tó ń kà á, bíi ti rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, àmọ́ abẹ́rẹ́ yìí kì í fara kan àwo. Àlàfo tó wà láàárín wọn kéré púpọ̀ sí irun orí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń bẹ nínú omi gọ́tà wa, láti Máfolúkù dé Òkóta. Bí ẹrẹ̀ yẹn bá wọ ibẹ̀ tí ẹ sì tan iná sí i, abẹ́rẹ́ yóò ha àwo náà, ohun tó bá sì ha, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ má tú u. Ẹ má rì í sínú ìrẹsì. Ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ pín yìí, ẹ sè é jẹ. Ẹrẹ̀ tó bá gbẹ sínú rẹ̀ máa ń dì mọ́ àwo bíi símẹ́ńtì, nítorí náà ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ wé e, ẹ dì í sínú nylon, kí ẹ sì gbé e lọ bá àwọn tó mọ iṣẹ́ ìkójáde yẹn. Owó ńlá ni wọ́n ń gbà. Ẹ kọ́kọ́ rò ó bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bí omi kò bá kàn án, ẹ jẹ́ kí á lọ sórí ṣájà.

Hard drive kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kì í ní ṣájà. Láti ara kọ̀ǹpútà ló ti ń gba iná, nípasẹ̀ wáyà USB, fólìtì 5 péré. Bí irú rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, ẹ pààrọ̀ wáyà, ẹ lo èyí tó kúrú, kí ẹ sì so ó mọ́ ara kọ̀ǹpútà gan-an. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò jí. Èyí tó tóbi tó Bíbélì ló ní ṣájà tirẹ̀, òun ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀.

Iṣẹ́ ṣájà ni láti gba iná NEPA kí ó sọ ọ́ di kékeré, fólìtì 12 lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wo ara rẹ̀, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ 100-240V. Ìyẹn ni pé ó lè fara da iná tó bá wà láàárín iye méjèèjì yẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò ńlá, nígbà tí òpó ti wó, tí wáyà ti já síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí wáyà neutral bá já, iná tó ń wọ ilé lè sún mọ́ 400. Ẹ ti rí i rí: gílóòbù á mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, á sì bú. Níbi tí gílóòbù ti bú yẹn ni ṣájà ti ń kú. Bí Ọlọ́run bá bá ni ṣe é, òun nìkan ló máa kú, hard drive kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Bí ṣájà bá kú pátápátá, iná kankan kò ní tàn lára hard drive, ẹ kò sì ní gbọ́ ohùn kankan. Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ ni ṣájà tó ti rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì kú. Iná á tàn, àwo á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, á tún dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbé irú ṣájà bẹ́ẹ̀ fún ẹlẹ́ńtíríkì kó fi mítà wọ̀n ọ́n, mítà lè sọ pé 12 ló wà níbẹ̀, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ṣájà náà kò ru ẹrù kankan lásìkò yẹn. Ìgbà tí àwo bá fẹ́ yí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ kọ, kọ, kọ nínú hard drive, ẹ yọ iná kíá. Ó lè jẹ́ ṣájà, ó sì lè jẹ́ àwo.

Wàyí o, ṣájà aládùúgbò. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, nígbà tí òjò yẹn rọ̀ ní Èkó, omi wọ yàrá mi. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni hard drive mi wà, omi kò kàn án. Ṣájà rẹ̀ ló wà nílẹ̀. Èmi tí mò ń pe ara mi ní oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà mú ṣájà láptọ́ọ̀pù, mo rí i pé ẹnu rẹ̀ wọ ihò náà, mo sì tì í bọ̀ ọ́. Fólìtì 19 ni ṣájà láptọ́ọ̀pù yẹn. Mo gbọ́ òórùn kí n tó rí èéfín. Ohùn ìyá mi wà nínú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ìdílé wa, mo gbà á sílẹ̀ nígbà tí ara wọn ṣì le. Mo gbé e dé Computer Village n'Íkẹjà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ju mi lọ ṣe é títí. Mi ò gbọ́ ohùn yẹn mọ́ títí dòní.

Pé ẹnu ṣájà wọ ihò kò sọ pé ó bá a mu. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ OUTPUT sí. Nọ́ḿbà tó wà níwájú V gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti àtijọ́. Nọ́ḿbà tó wà níwájú A lè ju ti àtijọ́ lọ, àmọ́ kò gbọdọ̀ kéré sí i. V ni agbára tí omi fi ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, A ni bí ọ̀pá omi náà ti fẹ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí ṣájà ráútà fi lè jẹ́ 12V, kó tan iná hard drive, síbẹ̀ kí àwo má yí: A rẹ̀ kò tó. Ẹ tún wo àwòrán róbótó kékeré tó ní àmì + àti −. Ó gbọ́dọ̀ rí bákan náà lára méjèèjì.

Ibo lẹ ó ti rí nọ́ḿbà ti àtijọ́? Lára ṣájà tó kú ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jù ú nù! Òun ni ẹ ó mú dání lọ sọ́jà. Èyí tí omi rì, ẹ má sá a kí ẹ tún kì í bọ iná. Ẹ má sì tú u, iná máa ń pamọ́ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fọ́ ilé hard drive kí òun yọ èyí tó wà nínú rẹ̀, ẹ ní kó dúró. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀dù kékeré inú ilé náà ló ń ti ìwé yín pa bí àgádágodo. Tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀dù yẹn nù, kọ̀ǹpútà mìíràn kò ní lè kà á.

Ọjọ́ tó bá sì tàn, ẹ má kọ́kọ́ jókòó wo àwòrán. Ẹ ṣe ẹ̀dà ohun tó ṣe pàtàkì jù sí ibi méjì lọ́jọ́ náà gan-an, ìwé ilẹ̀ àti sàtífíkéètì ọmọ ṣáájú fíìmù.

Mo wà nídìí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn títí di aago mẹ́rin. Mo ní mítà, mo sì ní ṣájà 12V méjì tó dára. Ẹ mú hard drive, wáyà rẹ̀ àti ṣájà tó kú wá, kí ẹ sì fi bébà kọ orúkọ yín mọ́ ọn lára. Ẹ dìde wàyí, ìrẹsì ti dé.